Ṣé àwọ̀ olùdarí ló yẹ kó pinnu fíìmù tó máa ṣe?

Ọmọ_Àwòrán kọ:

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí, ẹ kú ìjókòó o. Mò ń kọ́ iṣẹ́ ìdarí fíìmù lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan sì ń rú mi lójú. Lọ́dún 1990, August Wilson, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kọ eré orí ìtàgé Fences, kọ̀wé síta pé adúláwọ̀ lòun fẹ́ kó darí fíìmù tí wọ́n bá máa fi eré náà ṣe. Ó ní kì í ṣe àwọ̀ gan-an lòun ń bá jà, àṣà ni. Pé ẹni tí kò bá ti inú ayé àwọn èèyàn òun jáde kò ní gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Kò yí ohùn padà. Ó kú lọ́dún 2005, fíìmù náà ò sí. Ọdún 2016 ni Denzel Washington, òṣèré adúláwọ̀, tó darí ẹ̀.

Ẹ wá wo Ang Lee, ọmọ Taiwan. Ó ṣe Sense and Sensibility lọ́dún 1995, ìtàn àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Ó ṣe Brokeback Mountain lọ́dún 2005, ìtàn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń da àgùntàn ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn, ìyẹn ló gba ẹ̀bùn Oscar olùdarí fún un. Mi ò rántí ẹni tó bi í pé kí ló kàn án níbẹ̀.

Ta ló tọ̀nà nínú wọn? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé àwọn tó ń gbé owó fíìmù kalẹ̀ kì í yé sọ fún mi pé ìtàn tó máa bá gbogbo ayé mu làwọn ń wá. Bó ṣe máa ń dún létí mi ni pé kí n bọ́ ara mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé.

Àjàní_Ìran kọ:

Àbúrò, o kú ìbéèrè. "Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran" ni gbogbo ẹjọ́ Wilson, mo sì gbà á dé ibì kan. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí ọ̀rọ̀ fíìmù lórí Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe lọ, torí ibẹ̀ ni ìlà tí Wilson fà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́ni lọ́wọ́.

Norman Jewison, aláwọ̀ funfun ọmọ Kánádà, ló kọ́kọ́ fẹ́ darí ẹ̀. Ẹni yìí kì í ṣe ọmọdé lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Òun ló darí In the Heat of the Night lọ́dún 1967, fíìmù tí olówó aláwọ̀ funfun kan ti gbá Sidney Poitier, òṣèré adúláwọ̀, létí, tí Poitier sì dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Nígbà yẹn, Poitier ò tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ya fíìmù náà ní gúúsù Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀mí ẹ̀, Illinois ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Jewison tún ṣe A Soldier's Story lọ́dún 1984. Síbẹ̀, Spike Lee, olùdarí adúláwọ̀, bọ́ síta, ó ní adúláwọ̀ ló yẹ kó sọ ìtàn Malcolm. Jewison yẹra fún un.

O rò pé ariwo tán? Bí Lee ṣe gbà á tán ni Amiri Baraka, akéwì adúláwọ̀, kó èèyàn jọ láti ta ko Lee fúnra ẹ̀. Baraka ní ọmọ ilé tó rí jẹ ni Lee; á tún ayé Malcolm rọ kí ó lè dùn mọ́ àwọn adúláwọ̀ tí ayé ti gbè nínú. Ṣé o rí i? Ìlà àwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fà. Kò pẹ́ tí ìlà mìíràn fi yọ nínú ẹ̀, ìlà olówó àti tálákà. Tá a bá ń fà á lọ báyìí, Malcolm nìkan ló máa lè darí Malcolm.

Àmọ́ mi ò ní purọ́. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ Lee láàárín iṣẹ́, àwọn adúláwọ̀ olówó bí Oprah Winfrey, Michael Jordan àti Magic Johnson ló dá owó fún un láti parí ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa dá a fún Jewison.

Tòkunbọ̀_R kọ:

Jewison tó yẹra yẹn, fíìmù tirẹ̀ ti bá a lọ. A ò ní mọ bó ṣe máa rí láéláé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún Lee, ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé òfò.

Alátùpà kọ:

Ẹ̀yin ń sọ ti ọkàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná. Iṣẹ́ iná àti kámẹ́rà ni mò ń ṣe, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ "gbogbo ayé" yìí ti kọ́kọ́ rí mi fín.

Ní ayé fíìmù tí wọ́n ń fọ̀ nínú kẹ́míkà, ara òyìnbó ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọ̀. Káàdì kan wà tí Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kámẹ́rà, máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan ló wà lórí ẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà, torí Shirley lorúkọ ẹni tó kọ́kọ́ jókòó fún un. Bí ara Shirley bá ti jáde bó ṣe yẹ, wọ́n á ní ẹ̀rọ ti dọ́gba, iṣẹ́ ti pé. Kí adúláwọ̀ wá jókòó ti òyìnbó nínú àwòrán kan náà: eyín àti ẹyinjú ẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn fi rí bẹ́ẹ̀. Lára ohun tó sì mú kí Kodak tún un ṣe ni pé àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi ráhùn pé ọjà àwọn ò hàn dáadáa nínú ìpolówó. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Jean-Luc Godard, olùdarí fíìmù ní ilẹ̀ Faransé, lọ ṣiṣẹ́ ní Mozambique ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó ní òun ò lo Kodak, ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni.

Ẹ̀rọ yẹn ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé Shirley ni gbogbo èèyàn. Mo máa ń rántí ẹ̀ tí olówó kan bá ti ní kí ìtàn bá gbogbo ayé mu: mo máa ń fẹ́ mọ ẹni tó wà lórí káàdì tiẹ̀.

Ó kù síbì kan. In the Heat of the Night tí Ẹ̀gbọ́n Àjàní dárúkọ, Haskell Wexler ló tan iná ẹ̀, aláwọ̀ funfun ni. Ó rí i pé iná líle tí wọ́n máa ń tàn fún àwọn òṣèré nígbà yẹn ń kọ mọ̀nà lára Poitier, tí ojú ẹ̀ ò sì hàn dáadáa mọ́. Ó dín in kù. Ọ̀pọ̀ àwa oníṣẹ́ iná la ka fíìmù yẹn sí fíìmù aláwọ̀ ńlá àkọ́kọ́ ní Hollywood tí wọ́n ti tan iná pẹ̀lú adúláwọ̀ lọ́kàn. Ní 1991, Julie Dash àti Arthur Jafa, adúláwọ̀ làwọn méjèèjì, ṣe Daughters of the Dust. Fíìmù ilé iṣẹ́ Agfa ni wọ́n lò, wọn ò lo ti Kodak, torí wọ́n gbà pé ara dúdú ń yọ lórí ẹ̀ dáadáa. Nígbà tó di Moonlight lọ́dún 2016, Barry Jenkins tó jẹ́ adúláwọ̀ gbé kámẹ́rà lé James Laxton lọ́wọ́. Aláwọ̀ funfun ni Laxton, wọ́n jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ fíìmù kan náà ni. Àṣà ibi iṣẹ́ ni pé kí wọ́n fi àtíkè pa dídán ara òṣèré rẹ́. Àwọn yìí fi epo kùn ún, wọ́n jẹ́ kí ara máa dán.

Nítorí náà, Àbúrò, mi ò lè sọ fún ẹ pé àwọ̀ lásán ló ń ríran. Wexler wò, ó rí. Àmọ́ ká ní Poitier ò sí níwájú ẹ̀, tó jẹ́ òṣèré ńlá tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bà jẹ́, ta ló máa ní kó dín iná kù?

Adérónkẹ́_K kọ:

Ẹ̀gbọ́n Alátùpà, ẹ ṣeun. Láti ọdún tí mo ti ń wo fíìmù, mi ò mọ̀ nípa ṣokoléètì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan tó rìnrìn àjò síbí. Lọ́dún 1952 ni Akira Kurosawa ṣe Ikiru ní Japan: àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti fi ayé ẹ̀ jókòó ti òkìtì ìwé, tó wá gbọ́ pé jẹjẹrẹ máa pa òun, tó sì pinnu pé kí òun tó lọ, ibi ìṣeré kan gbọ́dọ̀ dìde fún àwọn ọmọdé. Ìwé Tolstoy ará Rọ́ṣíà wà lára ohun tó bí i. Lọ́dún 2022, Oliver Hermanus, ọmọ South Africa, tún un ṣe ní London, ó pè é ní Living. Kazuo Ishiguro tí wọ́n bí ní Nagasaki, tó dàgbà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ fún un. Ẹ bá mi ka iye ilẹ̀ tó gbà kọjá.

Ẹ wá wo ibi tí ọkùnrin náà ti jókòó lórí jangilọ́fà nínú yìnyín tó ń kọrin. Nínú ti Kurosawa, orin àtijọ́ àwọn ará Japan ló ń kọ. Nínú ti Hermanus, orin Scotland ni. Jangilọ́fà wà níbẹ̀, yìnyín wà níbẹ̀, ikú wà níbẹ̀. Orin nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Tí Hermanus bá ti yọ orin kúrò pátápátá, pé kó má bàa jẹ́ ti ibì kankan, mi ò rò pé ẹkún máa gbọ̀n mí tó bẹ́ẹ̀. Tó bá sì fi orin Japan sílẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin London, ẹ̀rín ló máa pa mí.

Djibril Diop Mambéty ṣe irú ẹ̀ ní Senegal lọ́dún 1992. Eré Dürrenmatt ará Switzerland ló mú: ìyá àgbà olówó tó padà sílùú ẹ̀ tó ní òun á fún wọn lówó bí wọ́n bá pa ọkùnrin tó já òun jù sílẹ̀. Hyènes ni ó pè é. Ẹ̀rọ amúlétutù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, ni ìlú ń rà ní àwìn bí ọkùnrin náà ṣe ń súnmọ́ ikú. Mo ti rí eré Dürrenmatt gan-an lórí ìtàgé, àmọ́ ti Mambéty ló bà mí lẹ́rù.

Tòkunbọ̀_R kọ:

Ó parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni lè sọ ìtàn ẹnikẹ́ni, bó bá ti mọ iṣẹ́. Kí la tún ń jà lé?

Ìyá_Sinimá kọ:

Tòkunbọ̀ ọmọ mi, rọra. Ọ̀nà tí Adérónkẹ́ là sílẹ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń ṣí i fún.

Lọ́dún 1937 ni fíìmù The Good Earth jáde, ìtàn àgbẹ̀ ará Ṣáínà àti ìyàwó ẹ̀. Anna May Wong wà nílẹ̀, ọmọ Ṣáínà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀. Paul Muni, aláwọ̀ funfun, ni wọ́n fi ṣe ọkọ. Òfin tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù fi de ara wọn nígbà náà ò sì fẹ́ rí ìfẹ́ láàárín aláwọ̀ funfun àti ẹ̀yà mìíràn lójú àwòrán. Luise Rainer, aláwọ̀ funfun, ni wọ́n kùn lójú tó di ìyàwó, ó sì gba Oscar lé e. Ẹnikẹ́ni lè sọ ìtàn ẹnikẹ́ni, àbí? Ó ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Apá kan ló ń wọlé sí ilé èkejì.

Ẹ tún gbọ́ èyí. John Singleton ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ fún Oscar olùdarí, fún Boyz n the Hood tó jáde lọ́dún 1991, kò sì ju ọmọ ọdún 24 lọ. Títí dé ayẹyẹ ọdún 2025, adúláwọ̀ kan ò tíì gbà á. 12 Years a Slave tí Steve McQueen darí gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù lọ́dún 2014, ẹ̀bùn olùdarí bọ́ sí ọwọ́ Alfonso Cuarón. Moonlight gba ti fíìmù lọ́dún 2017, ti olùdarí bọ́ sí ọwọ́ Damien Chazelle. Mi ò ní àwọn yẹn ò mọ iṣẹ́ o. Mo kàn ní kí ẹ wò ó.

Ẹ̀yin ń béèrè bóyá ẹni yìí lè ṣe é. Èmi fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè lórí fóònù.

Alábòójútó kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ olówó fíìmù tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀.

Ọmọ_Àwòrán kọ:

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Ó tún wá kù síbì kan tí mi ò sọ níbẹ̀rẹ̀. Ìtàn tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, ti obìnrin arúgbó aláwọ̀ funfun kan ni, tó ń gbàgbé orúkọ ọmọ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Adúláwọ̀ lèmi. Ẹnì kan náà tó ní kí n wá ìtàn tó bá gbogbo ayé mu ló ka eléyìí tó ní ṣé mi ò ní nǹkan kan nípa ọlọ́pàá tàbí oko ẹrú ni. Mo kàn ń wò ó lójú ni.

Àjàní_Ìran kọ:

Áà! Ẹ ò rí i bí ìdẹkùn yẹn ṣe ní ẹnu méjì? Bí o bá mú tara ẹ wá, wọ́n á ní ó kéré. Bí o bá mú ti ẹlòmíràn wá, wọ́n á ní kì í ṣe tìẹ.

Wo bí McQueen ṣe gbà á. Kó tó ṣe 12 Years a Slave, fíìmù gígùn tó kọ́kọ́ ṣe ni Hunger, lọ́dún 2008, lórí Bobby Sands, ọmọ Ireland tó febi pa ara ẹ̀ kú lẹ́wọ̀n lọ́dún 1981. Adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní London ni McQueen. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà náà, ó ń rí àwòrán Sands lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú nọ́ńbà nísàlẹ̀ ẹ̀, iye ọjọ́ tí kò tíì jẹun, nọ́ńbà náà sì ń lọ sókè. Ibi tó gbà wọ ìtàn náà nìyẹn, ojú ọmọdé tí ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe ò yé. Ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀ fún Sands àti àlùfáà kan, wọ́n sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 17, kò gbé kámẹ́rà kúrò níbẹ̀. Wọ́n fún un ní Caméra d'Or, ẹ̀bùn fíìmù gígùn àkọ́kọ́, ní àjọ̀dún fíìmù Cannes.

Chloé Zhao gba ọ̀nà mìíràn. Beijing ni wọ́n bí i sí, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn Lakota, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ní Pine Ridge, ó bá ọ̀dọ́kùnrin kan pàdé, Brady Jandreau, tí ẹṣin ti ṣe léṣe lórí. Jandreau ló fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn The Rider lọ́dún 2017, bàbá àti àbúrò ẹ̀ obìnrin sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá àti àbúrò. Nǹkan tí kò mọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló wà níwájú kámẹ́rà.

Spielberg náà, aláwọ̀ funfun, ṣe The Color Purple lọ́dún 1985, láti inú ìwé ìtàn lórí àwọn obìnrin adúláwọ̀. Wọ́n dárúkọ fíìmù náà fún Oscar 11, kò gba ẹyọ kan. Ariwo àwọ̀ pọ̀ lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti kùnà lójú tèmi ni ìfẹ́ àárín Celie àti Shug, obìnrin méjì inú ìtàn náà, tó wà gbangba nínú ìwé, tó sì di bíńtín nínú fíìmù. Òun fúnra ẹ̀ gbà nígbà tó yá pé òun rọ̀ ọ́ lójú. Ojora ni, kì í ṣe àwọ̀. Adúláwọ̀ tó ń bẹ̀rù náà máa fò ó.

Ìyá_Sinimá kọ:

Àjàní, o pọ́n Zhao lé, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ló bá a délé, Nomadland sì tẹ̀ lé e, wọ́n fún un ní Oscar olùdarí lọ́dún 2021. Àwọn ará Pine Ridge tó wà níwájú kámẹ́rà, ta ló pè wọ́n wá darí fíìmù tiwọn? Mi ò bínú sí i. Mo kàn kọ̀ kí ìtàn parí síbi tó dùn.

Adérónkẹ́_K kọ:

Mo gba ìyẹn, Màmá. Mi ò tún ní kan sáárá sí "ó gbé láàárín wọn" mọ́ láìbéèrè ohun tó kù lọ́wọ́ wọn.

Tòkunbọ̀_R kọ:

Ó dáa, mo rọ̀ díẹ̀. Ọmọ_Àwòrán, fi eléyìí bá olówó ẹ sọ̀rọ̀: Bong Joon-ho, olùdarí ọmọ South Korea, ti ṣe Snowpiercer lọ́dún 2013, ó ṣe Okja lọ́dún 2017, òṣèré Hollywood kún inú ẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ níbẹ̀. Ọdún 2019 ló padà sílé lọ ṣe Parasite, tòun ti yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn tálákà ń gbé ní Seoul, lédè Korea látòkè délẹ̀. Ìyẹn ló di fíìmù àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gba Oscar fíìmù tó dára jù. Àwọn tó wò ó, ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ń kà, kò sì pa wọ́n.

Alátùpà kọ:

Lórí arúgbó ẹ: lọ jókòó níbi tó ń jókòó láàárọ̀, kó o tún lọ nírọ̀lẹ́. Awọ ara arúgbó aláwọ̀ funfun tín-ín-rín, iṣan máa ń hàn lábẹ́ ẹ̀, iná tó bá le díẹ̀ á sọ ọ́ di òkú. Má fi Shirley wọ̀n ọ́n. Ọ̀dọ́bìnrin ni Shirley.

Ọmọ_Àwòrán kọ:

Ẹ̀gbọ́n, màá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti pinnu pé arúgbó náà ni màá ṣe. Ọmọ tí arúgbó náà ń gbàgbé orúkọ ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé kámẹ́rà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni mo ti lè wọlé, torí mo mọ bó ṣe ń rí kí ẹni tó bí ẹ má mọ̀ ẹ́. Olówó náà ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní òun á wò ó.

Ìyá_Sinimá kọ:

Kó o tó fọwọ́ síwèé, béèrè ẹni tó máa ní àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe máa gé fíìmù náà gbẹ̀yìn. Tó bá ní "a máa jọ sọ ọ́ ni," ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.